Ọmọ mi ń ka "má bínú" bí àkọ́sórí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Ọmọ méjì ni mo ní: ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 7, obìnrin sì jẹ́ ọmọ ọdún 4. Lánàá, ẹ̀gbọ́n fa ìwé tí àbúrò ń yàwòrán sí ya, torí pé àbúrò kọ̀ láti yá a ní pẹ́ńsù. Mo ní kí ó bẹ̀ ẹ́. Ó yíjú sí ògiri, ó sọ pé "má bínú", ó sì ti dé ẹnu ọ̀nà kí ọ̀rọ̀ náà tó tán lẹ́nu rẹ̀. Mo wá sọ fún àbúrò pé kí ó dárí jì í. Ó ní òun ti dárí jì í, ṣùgbọ́n omijé ṣì wà lójú rẹ̀, ó sì di èyí tí ó kù nínú ìwé náà mú pinpin. Ó wá ń ṣe mí bíi pé irọ́ ni mo kọ́ àwọn méjèèjì. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ẹ ṣe ń ṣe é?

Ìdáhùn kìíní
Olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni mí. Ẹ wo "má bínú" dáadáa: ìbínú ẹni tí a ṣẹ̀ ló ń bá wí, kò sọ nǹkan kan nípa ohun tí ẹni tí ó ṣẹ̀ ṣe. "Pẹ̀lẹ́" ńkọ́? A máa ń sọ ọ́ fún ẹni tí ó fẹsẹ̀ kọ, tí ọwọ́ wa kò sí níbẹ̀ rárá. Nítorí náà, mo máa ń ní kí ọmọ kọ́kọ́ jẹ́wọ́: "Èmi ni mo fa ìwé rẹ ya, inú ló bí mi, ṣùgbọ́n kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀." Lẹ́yìn náà ni yóò béèrè ohun tí òun lè ṣe sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kí wọ́n jọ lẹ ìwé náà pọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ balẹ̀ ná o.

Ìdáhùn kejì
Ní nǹkan bí ọdún 4 sí 5 ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ pé ohun tó wà lọ́kàn ẹlòmíràn lè yàtọ̀ sí tiwọn, nítorí náà ti ẹ̀gbọ́n kì í ṣe àìmọ̀. Ọmọ tí ó yíjú sí ògiri, ìtìjú ló ń bá a jà. Ẹ pè é sẹ́yìn, kí ẹ bá ìwà náà wí, ẹ má pè é ní ọmọ burúkú.

Ìdáhùn kẹta
Ti àbúrò ló ká mi lára jù. Ẹ jẹ́ kí ó lè sọ pé, "Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn mí." Bí ó bá sì dárí jì í lọ́la, kò di dandan kí ó yá a ní pẹ́ńsù lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin náà, ẹ má bínú o, ẹ jẹ àbúrò ní gbèsè ẹ̀bẹ̀.

Oníbéèrè
Ẹ ṣeun. Mo bẹ ọmọbìnrin mi lálẹ́ yìí, mo ní mo fipá mú un sọ ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Ó wò mí títí, ó ní kí n tún un sọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òun kò tíì ṣe tán, mo sì ti fún un di àárọ̀ ọ̀la.