Alùpùpù mi ti ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́ta: kí ni mo tún lè ṣe sí gíga ìjókòó rẹ̀?

Àkànní:
Ẹ̀yin àgbà agun-alùpùpù, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, n kò sì fẹ́ kí ìyàwó mi gbọ́, nítorí òun ló ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé alùpùpù tí ọkùnrin kò lè fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ lórí rẹ̀ kì í ṣe ti ọkùnrin náà. Sheffield ni mo ń gbé, ẹni tó bá sì mọ ìlú yìí mọ̀ pé òkè lórí òkè ni. Láti oṣù mẹ́ta tí mo ti ra alùpùpù ìrìn-àjò jíjìn yìí ní àlòkù, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ti ṣubú. Ti àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ní ilé epo, níwájú àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n ń jẹ ìpanu, kò sì sí ẹni tó na ọwọ́ sí i nínú wọn. Èyí tó kẹ́yìn ló dùn mí jù, nítorí lẹ́bà bírékì ọwọ́ ọ̀tún ká sókè bí ìwo àgbò, ike ẹ̀gbẹ́ táǹkì sì bó. Bàbá arúgbó tó múlé tì wá ló bá mi gbé e dìde, tó ń rẹ́rìn-ín. Ìwà àwọn awakọ̀ ìlú yìí tún wà níbẹ̀: bí mo bá ti jáde lálẹ́, ṣe ni wọ́n á máa ṣẹ́ iná sí mi lójú bí ẹni pé mo jẹ wọ́n lówó. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè mú kí ìjókòó yìí wálẹ̀ sí i?

Bàbá Ìbejì:
Àkànní, o ròyìn títí kan ìpanu, o sì fi ohun tí a nílò sílẹ̀. Alùpùpù wo ni? Báwo ni ẹsẹ̀ rẹ ṣe gùn tó láti abẹ́ ìdí dé gìgísẹ̀? Má sọ gíga rẹ láti orí dé ilẹ̀ fún mi, nítorí orí kọ́ ni a fi ń dúró ní ojú iná.

Àkànní:
Ẹ ṣeun, sà. Yamaha Ténéré 700 ni. N kì í ṣe ènìyàn kúkúrú o. Èmi ni mo ga jù nínú gbogbo ọmọ ìyá mi.

Ìyá Ẹniọlá:
Bọ̀dá Àkànní, ìjókòó Ténéré 700 ga tó mìlímítà 875, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Africa Twin ti Honda ni èmi ń gùn, ipò méjì ni ìjókòó tirẹ̀ ní, 850 àti 870, bẹ́ẹ̀ ni mo kúrú jù yín lọ dájúdájú. Bí mo bá fẹ́ dúró, màá sún ìdí sí apá òsì, ẹsẹ̀ òsì nìkan ni yóò balẹ̀ gbọnin, ti ọ̀tún yóò sì wà lórí bírékì ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni mo gbé ìjókòó lọ bá ẹni tí ń rán àga, tó gé fóòmù igun iwájú méjèèjì kúrò níbi tí itan ti ń yà. Gíga rẹ̀ kò yí padà rárá, síbẹ̀ àtẹ́lẹsẹ̀ mi tí kì í kan ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án.

Ọláwálé:
Kí ló dé tí ènìyàn yóò ra ohun tó ga jù ú lọ, tí yóò wá máa sunkún? Láti ọdún 2021 ni Harley-Davidson ti gbé Pan America jáde, èyí tí a lè rà pẹ̀lú suspension (spring àti ọ̀pá tó gbé alùpùpù lé orí táyà) tí yóò rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ bí o bá ń dúró, tí yóò sì gbéra bí o bá ń lọ. BMW R 1300 GS náà ní irú rẹ̀. Bí owó kò bá tó, tú preload ẹ̀yìn, ìdè tí a fi ń fún spring mọ́ra kí ẹrù tó gùn ún, sílẹ̀ pátápátá, spring yóò rọ̀, ìjókòó yóò sì wálẹ̀.

Bàbá Ìbejì:
Ọláwálé, má ṣi ọmọ ọlọ́mọ lọ́nà. Preload kò sọ spring di rírọ̀, kò sì sọ ọ́ di líle. Irin kan náà ni. Ibi tí alùpùpù yóò rì dé lábẹ́ ẹrù ni ò ń yí.

Ọláwálé:
Ẹ̀gbọ́n, mo tú tèmi, mo jókòó lé e, ó rọ̀. Ìdí mi kò lè purọ́ fún mi.

Bàbá Ìbejì:
Ìdí rẹ kò purọ́, ó ṣì í túmọ̀ ni. Ó rì, kò rọ̀. Ẹ gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, kí ẹ wọn láti àárín rẹ̀ dé ibì kan lókè tí kì í yẹ̀. Kí agùn-ún wá jókòó pẹ̀lú aṣọ àti bàtà ìrìn-àjò, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni sag. Suspension ẹ̀yìn Ténéré ń rìn tó mìlímítà 200, nítorí náà bí sag bá wà ní nǹkan bí 60 ó dára. Bí o bá tú preload kọjá ibẹ̀, kòtò kékeré yóò mú un kan ìsàlẹ̀.

Àkànní:
Mo ti tú preload tán láti ọjọ́ pípẹ́, sà. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì ti ń kan ilẹ̀ dáadáa báyìí, àmọ́ ó ṣì ń ṣubú, ìdí nìyẹn tí mo fi ń wá bí yóò ṣe wálẹ̀ sí i.

Ìyá Ẹniọlá:
Ẹ dúró ná. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ yín bá ń kan ilẹ̀, kí ló ń gbé e ṣubú? Bírékì ọwọ́ ọ̀tún ló ká, síténdì sì wà lápá òsì. Ṣé ẹ wà lórí rẹ̀ nígbà tó ṣubú?

Àkànní:
Ti ilé epo nìkan ni mo wà lórí rẹ̀, mà. Nígbà méjì yòókù, mo ti gbé e kalẹ̀ síwájú ilé, mo wà nínú ilé tí mo ń jẹun. N kò kà á sí pàtàkì, nítorí mo rò pé atẹ́gùn ni. Lẹ́yìn ti ilé epo ni mo ra irin link kan, irú èyí tó so suspension ẹ̀yìn mọ́ apá tó di táyà mú, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó mú ẹ̀yìn wálẹ̀ ní mìlímítà 50, mẹkáníìkì kan sì bá mi dè é.

Bàbá Ìbejì:
Ṣé o gé síténdì kúrú? Ṣé ẹ fa fọ́ọ̀kì, ọ̀pá méjì tó di táyà iwájú mú, sókè nínú ohun tó dì í mú, kí iwájú náà lè wálẹ̀?

Àkànní:
Rárá, sà. Kò sí ẹni tó sọ fún mi.

Bàbá Ìbejì:
Ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ẹ̀yìn ti wálẹ̀, síténdì sì gùn bó ṣe gùn tẹ́lẹ̀. Alùpùpù kò wá fara ti òsì mọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán. Bí ilẹ̀ iwájú ilé rẹ bá dà díẹ̀ sí ọ̀tún, ìjì kékeré ti tó. Nítorí pé iwájú kò wálẹ̀ tẹ̀ lé ẹ̀yìn, ojú iná rẹ ń wo òkè. Àwọn awakọ̀ tí ò ń bú, ìwọ lò ń fọ́ wọn lójú. Bó ti rì tó yìí náà, kò ní fẹ́ yà bó ṣe yẹ ní kọ́nà. Ṣé o sì ti sọ fún ilé iṣẹ́ ìbánigbófò pé o yí i padà?

Ọláwálé:
Mo mọ̀ pé ó ń fi nǹkan pamọ́.

Ìyá Ẹniọlá:
Ọláwálé, ìwọ lo sọ pé kí ó tú preload tán o.

Àkànní:
N kò dáhùn ọ̀rọ̀ ìbánigbófò lónìí, ẹ jọ̀ọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọn ẹsẹ̀ mi ni: sàńtímítà 76. Mo sì jáde lọ wo síténdì. Alùpùpù náà dúró bí ọlọ́pàá, mo fi ìka kan tì í, ó sì mì. Mo ti gbé e ti ògiri. Link àtijọ́ wà nínú páálí kan ní ṣẹ́ẹ̀dì, màá dá a padà ní Sátidé, màá yí preload padà títí sag yóò fi wà ní 60, màá sì gbé ìjókòó lọ bá ẹni tí ń gé fóòmù. Ta ló wà nítòsí Sheffield tó ní sípánà tí ń fi bí ìdè ṣe le tó hàn, tí mo lè yá?

Ìyá Ẹniọlá:
Mo ní ọ̀kan ní Rotherham. Ẹ gbé bírékì tó ká náà dání bí ẹ bá ń bọ̀, kí n rí ìwo àgbò yẹn.