Ta ló ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe káàdì rí? Ẹ wá sọ tiyín

Ìyáwó Kubwa: Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ará Àbújá. Màmá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé ọmọ ọdún 70 lóṣù tó kọjá, mi ò ráàyè lọ. Mo bá ní n ó ṣe káàdì fún wọn. Mo ra páálí funfun àti bébà aláwọ̀ ní Wúsè, mo gé òdòdó ní ìpele mẹ́rin, ńlá nísàlẹ̀, kékeré lókè. Gọ́ọ̀mù olómi ni mo fi lẹ̀ ẹ́. Kílẹ̀ tó mọ́, gbogbo rẹ̀ ti ká kò bí ewé tí oòrùn pa. Mo sunkún. Ta ni irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí?

Bàbá Ìbejì Nyanya: Omi inú gọ́ọ̀mù ni. Bébà mu ún, ó wú, ọyẹ́ wá gbẹ ẹ́ lójijì. Ẹ fi díẹ̀ sáàárín nìkan, kí ẹ fi ìwé ńlá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ di àárọ̀.

Ọmọ Sábó Kánò: Èmi ò lo gọ́ọ̀mù mọ́. Fóòmù tó ń lẹ̀ lójú méjèèjì ni mò ń gé wẹ́wẹ́ sábẹ́ ìpele.

Àǹtí Gárkì: Ẹ má fi òdòdó sílẹ̀ pẹlẹbẹ o! Ẹ gbé e lé orí sílípáàsì rọ́bà, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí kékeré yí àárín rẹ̀ títí yóò fi jìn bí àwo. Ẹ wá fi bírò ká etí rẹ̀ síta. Páálí tó nípọn, irú gsm 300 náà, ẹ fi rúlà àti bírò tí yíǹkì rẹ̀ ti tán fa ìlà sí i kẹ́ ẹ tó ṣẹ́ ẹ po, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á sán. Àwọn ọmọ kíláàsì mi mọ èyí ju orúkọ wọn lọ.

Ayọ̀: Màmá rí káàdì ṣá?

Ìyáwó Kubwa: Wọ́n rí i. Mo ṣe òmíràn. Òdòdó rẹ̀ ga, kò wọ àpò ìwé, páálí bàtà ọmọ mi ni mo fi dì í fún awakọ̀ ní páàkì. Màmá ò mọ̀wé kà. Àbúrò mi ní wọ́n ń fìka kan ìpele rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ní, “Ọwọ́ ọmọ mi ló ṣe èyí?” Ó ti wà lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò Bàbá.

Ọmọ Sábó Kánò: Ẹ ti pa mí lẹ́kún. Ìyá tèmi náà ò kàwé, mi ò ronú kan káàdì rí.

Ọ̀gá Lugbe: Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni Màmá ìbá fẹ́ jù.

Ayọ̀: Ọ̀gá, èyí tẹ́ ẹ fún Màmá yín ní Iléyá, ṣé ó ṣì wà lára ògiri?

Bàbá Ìbejì Nyanya: Ẹ fowó sínú káàdì, kíjà tán.

Àǹtí Gárkì: Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, kó fi bougainvillea bẹ̀rẹ̀, igi aláwọ̀ tí wọ́n máa ń gbìn sẹ́nu géètì yẹn. Ewé mẹ́ta péré. Apá aláwọ̀ yẹn kì í tilẹ̀ í ṣe òdòdó, ewé ni. Òdòdó gan-an ni funfun tín-ín-tín àárín rẹ̀.

Ọ̀gá Lugbe: Irọ́!

Àǹtí Gárkì: Ẹ lọ wò ó.

Ọ̀gá Lugbe: Mo ti débi géètì wa. Òótọ́ ni o. Ìsọ̀ wo ní Wúsè ló ń ta bébà àwọ̀ rẹ̀?