Mo ní pásípọ́ọ̀tì Ireland àti ti Nàìjíríà, HR ní London ń bèèrè share code

Ọmọ Ìjẹ̀bú Dublin:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà ní Dublin, wọ́n ti fún mi ní pásípọ́ọ̀tì Ireland, ti Nàìjíríà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ríṣẹ́ care home kan sí London, Monday tó ń bọ̀ ló yẹ kí n bẹ̀rẹ̀, àfi bí obìnrin HR wọn, ẹ̀ka tó ń gbani síṣẹ́, ṣe ní kí n fi share code ránṣẹ́, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bóyá òfin gba èèyàn láyè láti ṣiṣẹ́. Mo wọ sáìtì ìjọba, mo tẹ̀ ẹ́ títí ọwọ́ fi ń ro mí, mi ò rí ibi tí wọ́n ti ń fún ọmọ Ireland ní share code. Obìnrin yìí ní tí kò bá sí share code kò síṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi wá ní látìgbà Brexit, tí UK ti kúrò nínú EU, gbogbo ọmọ EU ló gbọ́dọ̀ gba fìsà. Ṣé lóòótọ́ ni? Ìyàwó mi náà fẹ́ bá mi lọ, pásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà nìkan ló ní, pẹ̀lú Stamp 4, ìwé àṣẹ ìgbélùú ti Ireland. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí o.

Màámi Peckham:
Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Ará Faransé àti Jámánì lọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ ẹ ń sọ yẹn bá wí. Ireland àti UK ti ní àdéhùn tiwọn láti nǹkan bí 1923, EU ò tíì sí láyé nígbà yẹn, Common Travel Area ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì tún jókòó fọwọ́ sí i lọ́dún 2019 nígbà tí Brexit ń bọ̀. O lè gbébẹ̀, o lè ṣiṣẹ́, kódà o lè dìbò yan àwọn aṣòfin wọn.

Share code ò lè sí, torí wọn ò fún ẹ ní fìsà kankan tí kọ̀ǹpútà wọn fẹ́ gbé jáde. Pásípọ́ọ̀tì Ireland ẹ tàbí passport card, ìyẹn pásípọ́ọ̀tì oníkáàdì, ni kó o gbé lọ bá a, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó ṣe fọ́tòkọ́pì, kó kọ déètì sí i, ó tán. Bó ti expire gan-an wọ́n ń gbà á fún ti iṣẹ́. Ní kó lọ ka List A, orúkọ àwọn ìwé tí wọ́n ń gbà, nínú ìwé tí Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú, ṣe fún àwọn tó ń gbani síṣẹ́.

Baba Belfast:
Ti ìyàwó ni kó o mójú tó o! Stamp 4 ò wúlò níbí rárá, ọmọ ìlú nìkan ni àdéhùn yẹn wà fún. Mo mọ ẹnì kan tó mú ìyàwó ẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì láti Dublin wá sí Belfast níbí, tó jẹ́ ti UK, kò sí géètì, kò sí ọlọ́pàá, pátákó ojú títì ló kàn yí láti kìlómítà sí máìlì, ni wọ́n bá rò pé ó ti parí. Ibi tí wọ́n ti fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti bi obìnrin ní fìsà. Mi ò ní sọ bó ṣe parí.

Fìsà ìdílé ni kó gbà. Wọ́n máa ka ìwọ sí ẹni tó ti fìdí múlẹ̀ níbí, àmọ́ láti April 2024, 29,000 pọ́n-ùn lọ́dún ni wọ́n fẹ́ kó máa wọlé fún ẹ. Ṣé care home yẹn ń san tó bẹ́ẹ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Dublin:
Háà. Kò tó o, àfi tí mo bá ń ṣe overtime. Ti Nàìjíríà ńkọ́, ṣé kí n mú un dání?

Dèjì Leeds:
Má fi wọ London o, wọ́n á ní fìsà dà. Tọ́jú ẹ̀ fún Kérésì, torí tó o bá gbé ti Ireland nìkan dé Ìkẹjà, fìsà ni wọ́n máa ní kó o mú wá. Níwọ̀n bí wọ́n ti bí ẹ ní ọmọ Nàìjíríà, òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ò ní kó o fi ìkan sílẹ̀ torí èkejì. Tó o bá sì gba British lọ́jọ́ iwájú, má fi ti Ireland ṣeré. Èmi tí mo ní British lè wá ṣiṣẹ́ ní Dublin, ṣùgbọ́n mi ò lè tibẹ̀ bọ́ sí Berlin. Ìwọ lè ṣe é, torí Ireland ṣì wà nínú EU.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Dublin:
Ẹ ṣeun gan-an. HR ti fèsì, ó ní kí n mú passport card wá láàárọ̀ Monday, kò tiẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n kọ́kọ́ máa lọ ná, ó ti gbé ìwé àti bírò, ó ń ṣírò overtime fún mi.