Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ mi ò yára sí i lẹ́yìn tí mo ṣe é bí ẹni pé ọ́síjìn wọ́n ọn, kí ni mo ń ṣe tí ò dáa?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ lábù, ẹ gbà mí o. Iṣẹ́ másítà mi dá lórí bí àìtó ọ́síjìn ṣe ń jẹ́ kí jẹjẹrẹ ọyàn ràn ká ara, ẹ sáà mọ̀ pé tí ọ́síjìn bá ti wọ́n, HIF-1α, purotéènì kan tí sẹ́ẹ̀lì máa ń fọ́ dànù tí ọ́síjìn bá tó, á wá dúró, á lọ tan àwọn jíìnì tó ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì já kúrò lára ara wọn kí wọ́n máa rìn. A ò ní ẹ̀rọ tó lè mú ọ́síjìn wálẹ̀ sí 1%, ni mo bá ń lo CoCl2 (cobalt chloride, kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí HIF-1α dúró bíi pé ọ́síjìn wọ́n), 100 µM, lórí MDA-MB-231, irú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọyàn kan, mo fi ẹnu pipette ha ìlà sáàárín àwo, mo ń ya fọ́tò ẹ̀ títí di wákàtí 24, kí n lè rí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń rìn wọ inú ìlà náà tí wọ́n á fi dí i.

Èyí tí mo fi CoCl2 sí àtèyí tí mi ò fi nǹkan kan sí, bákan náà ni ìlà wọn ń dí. Mo gbé e dé 200, wọ́n ká roboto, wọ́n ń léfòó bí èèpo ẹ̀wà inú omi. Mo dín síróọ̀mù tó ń bọ́ wọn kù sí 1%, kó má lọ jẹ́ pé pípọ̀ ni wọ́n ń pọ̀ sí i tí mò ń pè é ní rírìn, pàbó. Western blot, àyẹ̀wò tó ń fi purotéènì hàn, sì fi HIF-1α hàn kedere o! Ọ̀gá mi ṣáà ní kí n tún un ṣe, ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé.

Mo rò ó pé MDA-MB-231 ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò nílò kéèyàn tì í. Ṣé kí n bọ́ sórí MCF-7, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọyàn míì tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn ni, àbí kí n fi ìlà híha sílẹ̀, kí n lo transwell (ife kékeré tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ní ihò wínníwínní tí sẹ́ẹ̀lì ń gbà kọjá) tó ní Matrigel (jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n máa kọ́kọ́ là kọjá)? Èwo ló máa fi ìyàtọ̀ hàn pẹ̀lú CoCl2 nìkan?