Nígbà tí lẹ́tà kò bá tètè jáde lójú kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ní kí ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń falẹ̀ lọ fọ́máàtì rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ná. Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta ni mo ti ń tẹ̀wé fún àwọn èèyàn. Ìwé ètò ìsìnkú àti ìtàn ìdílé ló ń wọlé fún mi jù, Yorùbá tó ní àmì ohùn lórí. Ìdílé kan gbé ìtàn tiwọn wá, ó gùn, oríkì kún inú rẹ̀. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ síwájú ló ń falẹ̀ sí i. Màá ti tẹ gbólóhùn kan dé ìdajì kí lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ta ló lè fi àmì ohùn síbi tó yẹ nígbà tí kò rí ohun tó ń tẹ̀?

Notepad, ètò ìkọ̀wé kékeré inú Windows, ni mo kọ́kọ́ ṣí. Lẹ́tà ń jáde wéréwéré níbẹ̀, kì í ṣe kíbọọ̀dù nìyẹn. Mo ṣí ojú ìwé òfìfo nínú Word tí mo fi ń tẹ ìwé náà, ó yá níbẹ̀ náà. Mo pa Word, mo di Ctrl mú bí mo ṣe ń tún un ṣí, kó lè wọlé láìgbé add-in kankan dání, ìyẹn àwọn ètò kéékèèké tí wọ́n so mọ́ ọn. Ìwé yẹn ṣì ń falẹ̀. A jẹ́ pé inú ìwé náà gan-an lọ̀rọ̀ wà. Mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀, mo gé ìdajì ẹ̀dà náà dànù, ó sì yá díẹ̀.

Ìlà pupa tí Word ń fà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó bá kà sí àṣìkọ ni mo wá tẹjú mọ́. Gbogbo ojú ìwé ló pọ́n! Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìwé náà yàn fún un, nítorí náà àṣìkọ ni Aláké, àṣìkọ ni Lísàbí, àyẹ̀wò sípẹ́lì kò sì sinmi bí mo ṣe ń tẹ̀. Mo tẹ Ctrl+A, mo lọ sí Review, Language, Set Proofing Language, mo fi àmì sí Do not check spelling or grammar. Kíá ni lẹ́tà ń bá ìka mi rìn. Ó ṣì ń dùn mí o, pé nílùú tí wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde lédè Yorùbá ní 1859, àṣìkọ ni kọ̀ǹpútà ń ka èdè wa sí.

Èsì òǹkàwé kan: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Tèmi ní Láfẹ́nwá yàtọ̀ sí tiyín. Gbogbo ìwé ló ń falẹ̀ nínú Word, títí kan èyí tó ṣófo, ṣùgbọ́n Notepad ń yá. Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ti lò ní ọ́fíìsì kan ni, printer ọ́fíìsì ọ̀hún ló ṣì wà níbẹ̀ bíi default, ìyẹn èyí tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ máa ń lò. Word a sì máa wo printer kó tó mọ bí yóò ṣe to ojú ìwé, èyí tó ń wá kò sì sí nítòsí. Mo fi Microsoft Print to PDF rọ́pò rẹ̀ nínú Settings, ó sì dáa. Ẹni tó bá jẹ́ pé orí bátìrì nìkan ni tiẹ̀ ti ń falẹ̀, kó kọ́kọ́ wo Battery saver, ètò tó ń ṣọ́ bátìrì lò, bóyá ó wà ní títàn.