Káàdì R4, ẹ̀rọ géèmù àti ẹni tí ìdènà ń bà: ìrírí wa ní Èkìtì

Atúnṣe ẹ̀rọ, Adó-Èkìtì

Mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé àwọn òbí àti àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń gbé ẹ̀rọ géèmù wá sí ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí Ọjà Ọba kò yéé bi mí ní ìbéèrè kan náà: kí ló dé tí káàdì tí ó ṣiṣẹ́ lánàá fi kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lónìí, nígbà tí kò já bọ́, tí omi kò sì kàn án? Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé ìjà ọlọ́jọ́ pípẹ́ wà láàárín àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ géèmù àti àwọn tó ń ṣe káàdì, àti pé ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, tí ó ra àlòkù ní Adó tàbí ní Ìkọ̀lé, ni ìjà náà sábà máa ń bà. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo ti fi ojú ara mi rí, kí àwọn ẹlòmíràn náà sọ tiwọn.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, káàdì fíláàṣì jẹ́ kásẹ́ẹ̀tì tí ó bá kásẹ́ẹ̀tì géèmù gidi dọ́gba ní ìwọ̀n àti ní ìrísí, ṣùgbọ́n tí kò sí géèmù kankan nínú rẹ̀. Ojú ihò kékeré kan wà lára rẹ̀ tí a ń ki mẹ́mọ́rì bọ̀, irú èyí tí a ń fi sínú fóònù, gbogbo géèmù tí a bá sì dà sórí mẹ́mọ́rì náà ni ẹ̀rọ yóò máa ṣí bí ẹni pé kásẹ́ẹ̀tì tòótọ́ ni. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni R4, tí wọ́n ṣe fún Nintendo DS, ẹ̀rọ olójú méjì tí ó jáde ní ọdún 2004. R4 àkọ́kọ́ kò lè ka mẹ́mọ́rì tí ó ju 2 GB lọ, síbẹ̀ géèmù tí ó lè gbà pọ̀ ju ohun tí ọmọdé kan lè ṣe tán lọ. Àwọn kan ń fi káàdì yìí dán géèmù tí wọ́n fúnra wọn kọ wò, àwọn mìíràn sì ń fi pa àdàkọ kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fowó rà mọ́, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ tan ara wa jẹ: géèmù tí ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀ ló kún inú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ó dé ọwọ́ mi. Ìdí nìyẹn tí Nintendo àti ilé-iṣẹ́ géèmù 54 mìíràn fi gbé àwọn tó ń ta R4 lọ sí ilé-ẹjọ́ ní Tokyo ní ọdún 2008, tí ilé-ẹjọ́ sì dá Nintendo àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láre ní oṣù Kejì ọdún 2009. Ilé-ẹjọ́ gíga ní ìlú London náà dá ẹjọ́ tí ó jọ ọ́ ní ọdún 2010.

Ẹjọ́ nìkan kọ́ ni wọ́n gbára lé. DSi tí ó jáde ní ọdún 2008 àti 3DS tí ó tẹ̀lé e ní ọdún 2011 ní àkọsílẹ̀ àwọn géèmù DS àtijọ́ nínú. Bí a bá ki kásẹ́ẹ̀tì DS bọ̀ wọ́n, ẹ̀rọ yóò ka apá kan nínú rẹ̀, yóò ṣe ìṣirò lórí ohun tí ó kà, yóò sì fi èsì ìṣirò náà wé èyí tí ó wà nínú àkọsílẹ̀. Bí méjèèjì kò bá bára mu, kò ní ṣí i. Àwọn tó ń ṣe káàdì wá ọgbọ́n dá sí i, wọ́n fi ìdánimọ̀ géèmù gidi kan bo káàdì wọn. Ọmọbìnrin kan láti Ìlawẹ̀ gbé 3DS rẹ̀ wá, ó yà á lẹ́nu pé àwòrán tí ó ń hàn lójú ẹ̀rọ jẹ́ ti géèmù àwọn ọmọdé kan tí kò rà rí, tí kò sì sí lórí mẹ́mọ́rì rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé aṣọ àyálò ni káàdì náà wọ̀ kí ẹ̀rọ má baà dá a mọ̀. Lẹ́yìn tí ó gba ìmúdójúìwọ̀n lórí Wi-Fi, ẹ̀rọ náà mọ aṣọ ọ̀hún, káàdì náà sì di aláìṣiṣẹ́. Kí káàdì bẹ́ẹ̀ tó lè gba aṣọ mìíràn, ó di dandan kí a kọ́kọ́ fi í sínú DS àtijọ́ kan tí kò ní àkọsílẹ̀ nínú, nítorí ẹ̀rọ tí ó ti lé e síta kò ní ṣí i rárá débi tí a ó fi tún un ṣe. DS Lite àtijọ́ kan wà ní ṣọ́ọ̀bù mi fún irú iṣẹ́ yìí.

Èyí tí ó dùn mí jù kò ti ọwọ́ àwọn tó ṣe ẹ̀rọ wá. Bàbá kan tí ó ń wa takisí láàárín Adó àti Ìkẹ́rẹ́ mú DS Lite ọmọ rẹ̀ wá, ẹ̀rọ tí kò fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì rí. Bí a bá ti tàn án, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan yóò jáde pé kí a lọ wá ètò tuntun fún káàdì náà, kò sì sí bọ́tìnnì tí a tẹ̀ tí yóò kúrò níbẹ̀. Mo fi sípíríìtì nu eyín wúrà ara káàdì, mo pààrọ̀ mẹ́mọ́rì, kò yí padà. Lẹ́yìn náà ni mo mú kálàmù rẹ̀, mo wọ ibi tí a ti ń ṣètò aago, mo dá ọdún padà sẹ́yìn, mo pa ẹ̀rọ, mo sì tún un tàn. Gbogbo géèmù ọmọ náà tò jáde lójú mi, kò sí ọ̀kan tí ó sọnù. Ẹni tí ó ṣe àdàmọ̀dì R4 yìí ti kọ ọjọ́ ikú sínú rẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti ṣe é, kí ẹni tí ó rà á lè padà wá ra òmíràn. Mo pa ètò inú mẹ́mọ́rì náà rẹ́, mo fi òmíràn tí kò ní ọjọ́ nínú rọ́pò rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Bàbá náà ti gbà pé ọmọ òun ló ba nǹkan jẹ́, ó sì ti bá a wí kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára gidigidi.

Irú rẹ̀ kan tún ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2014. Àwọn tó ṣe Gateway, káàdì fíláàṣì kan fún 3DS, fi kóòdù kan sínú ètò wọn tí yóò ba ẹ̀rọ jẹ́ pátápátá bí ó bá fura pé àdàmọ̀dì káàdì wọn ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Àwọn tí ó ń sá fún ìdènà ló tún ń dènà ara wọn báyìí, ẹ̀rọ àwọn ẹlẹ́ni sì kú sí i.

Akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀yẹ́-Èkìtì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé géèmù fúnra rẹ̀ ló mọ̀ pé inú káàdì ni òun wà, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fún mi ní DS tí ó ti ń lò tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú R4 inú rẹ̀, Pokémon Black, géèmù tí a ti ń kó ẹranko jà, sì wà lára ohun tí ó wà níbẹ̀. Mo ń jà, mo ń borí, ṣùgbọ́n àwọn ẹranko mi kò dàgbà. Nínú géèmù yìí, bí o bá ti borí, ojúwọ̀n ìrírí yẹ kí ó gòkè. Tèmi kò kúrò lójú kan, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀tá tí mo ń bá pàdé ń lágbára sí i ní gbogbo ìlú tí mo bá dé. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá kan náà ń bá ara wa jiyàn pé bóyá n kò mọ̀ ọ́n gbá ni. Ìgbà tí a yá kásẹ́ẹ̀tì gidi lọ́wọ́ ẹnìkan ní ilé-ẹ̀kọ́ ni a tó rí i pé láti ìjà àkọ́kọ́ ni ojúwọ̀n náà ti ń gòkè.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ìtàn irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀. Nínú Dragon Quest V tí ó jáde fún DS ní Japan ní ọdún 2008, orí ọkọ̀ ojú omi ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àdàkọ ni ẹ ń gbá, ọkọ̀ náà yóò máa lọ ṣáá ni, kò ní gúnlẹ̀ sí èbúté láéláé. Géèmù ijó Michael Jackson tí ó jáde ní ọdún 2010 sì ń da ariwo fèrè vuvuzela bo orin mọ́lẹ̀ fún ẹni tí kò rà á, fèrè tí gbogbo wa gbọ́ títí tí etí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di nígbà ìdíje ife àgbáyé ní South Africa lọ́dún kan náà.

Ní ti èrò ọkàn mi, ìdènà inú géèmù yìí ló tọ́ jù nínú gbogbo rẹ̀. Kò ba ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni jẹ́, kò sì kan ẹni tí ó ra tirẹ̀. Àdàkọ yẹn nìkan ni kò ní ládùn.

Oníṣòwò aṣọ, Ìdó-Èkìtì

Mo ra Switch àlòkù, ẹ̀rọ géèmù Nintendo, fún àwọn ọmọ mi lọ́wọ́ ẹnìkan ní Èkó. Ó tàn án fún mi, àwòrán rẹ̀ mọ́, a gbá géèmù bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ níbẹ̀, mo sì sanwó. Nígbà tí a délé tí ọmọ mi so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ jáde pé wọ́n ti dí ẹ̀rọ náà lọ́nà orí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo pe ẹni tí ó tà á fún mi. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn náà kò gbé ìpè mi mọ́. Ọmọ mi ló ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀rọ gan-an ni wọ́n ń dè, kì í ṣe orúkọ ẹni tí ó ń lò ó, nítorí náà bí mo bá ṣí àkáǹtì tuntun mẹ́wàá, kò lè yí i padà. Wọ́n ṣì ń fi kásẹ́ẹ̀tì gbá géèmù lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè ra nǹkan kan lórí rẹ̀, wọn kò sì lè bá àwọn ọmọ àbúrò mi tí ó wà ní Ìbàdàn gbá a.

Ìbéèrè mi nìyí, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n: ṣé kásẹ́ẹ̀tì àlòkù náà lè kó bá ènìyàn, àbí ẹ̀rọ nìkan ni?

Tíṣà tí ó ti fẹ̀yìntì, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ẹ jẹ́ kí n mú wa padà sẹ́yìn díẹ̀ kí wọ́n tó dá ìyá náà lóhùn. Ní ayé ọdún 1990, ẹ̀rọ géèmù tí ó kún ilé àwọn ènìyàn níbí kì í ṣe ti Nintendo gidi, àwọn tí wọ́n ṣe ní àwòṣe Famicom, ẹ̀rọ Nintendo àtijọ́ kan, ni. Kásẹ́ẹ̀tì wọn a máa jẹ́ aláwọ̀ yẹ́lò, wọn a kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún géèmù ló wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọ yóò sì rí i pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ń yí orúkọ wọn padà lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́ràn láti mọ ìdí tí ẹ̀rọ náà fi ń gba gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tí a bá kì bọ̀ ọ́ láìbéèrè. Ìdí rẹ̀ ni pé Famicom tí ó jáde ní Japan ní ọdún 1983 kò ní ìdènà kankan. Nígbà tí wọ́n gbé irú rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1985 ni wọ́n tó fi ṣíìpù kan sínú ẹ̀rọ, tí wọ́n sì fi ìkejì rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì. Bí àwọn méjèèjì kò bá gbọ́ ara wọn yé, ẹ̀rọ yóò máa pa ara rẹ̀, yóò máa tún ara rẹ̀ tàn léraléra, iná ara rẹ̀ yóò sì máa ṣẹ́jú. Game Boy ti ọdún 1989 ní tirẹ̀ ń wo inú kásẹ́ẹ̀tì bóyá àwòrán orúkọ Nintendo wà níbẹ̀, bí kò bá rí i, kò ní lọ síwájú.

Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí kò mọ íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ìdènà wọn ti rí lọ́jọ́ tí wọ́n kúrò nílé-iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ló rí lónìí, ìdí sì nìyẹn tí káàdì fíláàṣì EverDrive, tí ará Ukraine kan ń ṣe fún àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, fi ń ṣiṣẹ́ láìsí ìyọnu.

Atúnṣe ẹ̀rọ, Adó-Èkìtì

Bàbá, a dúpẹ́. Ẹ̀yin ìyá wa ní Ìdó, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Bẹ́ẹ̀ ni, kásẹ́ẹ̀tì àlòkù náà lè kó bá ènìyàn. Kásẹ́ẹ̀tì Switch kọ̀ọ̀kan ní ìdánimọ̀ tirẹ̀ tí kò bá ti èkejì mu. Ní ọdún 2024 ni MIG Switch jáde, káàdì fíláàṣì tí ó lè gbé àdàkọ géèmù pẹ̀lú ìdánimọ̀ rẹ̀. Bí ẹnìkan bá da kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kọ, tí ó wá ta ojúlówó fún yín, tí ẹ̀yin àti òun sì jọ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìdánimọ̀ kan náà ni ilé-iṣẹ́ yóò rí níbi méjì, wọn kò sì lè fi ojú lásán mọ ẹni tí ó ra tirẹ̀ lọ́nà ẹ̀tọ́. Lẹ́yìn tí Switch 2 jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ìròyìn kàn pé wọ́n dí ẹ̀rọ àwọn tó ki MIG bọ̀ ọ́, ẹnìkan ní òkè òkun sì sọ pé kásẹ́ẹ̀tì àlòkù tí òun rà ló kó bá òun, pé ìgbà tí òun fi ẹ̀rí hàn ni wọ́n tó ṣí i padà. Ní oṣù tí ó ṣáájú, Nintendo ti kọ ọ́ sínú àdéhùn tí àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà ń fọwọ́ sí pé àwọn lè sọ ẹ̀rọ ẹni tí ó bá rú òfin wọn di aláìwúlò pátápátá.

Èyí ni kò tẹ́ mi lọ́rùn nínú ìdènà tòde òní. Ìyà tí ó wà lórí ẹ̀rọ ń bá ẹ̀rọ lọ sílé ẹnikẹ́ni tí ó bá rà á, ẹni tí ó dá ẹ̀ṣẹ̀ náà sì ti gba owó rẹ̀, ó ti lọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó Switch àlòkù, ẹ so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì níwájú ẹni tí ó ń tà á, kí ẹ sì ṣí eShop, ọjà Nintendo orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí nọ́ńbà 2124-4508 bá jáde, wọ́n ti dí i nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ kásẹ́ẹ̀tì àlòkù ni ẹ ń rà, ẹ béèrè ríṣíìtì rẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò kásẹ́ẹ̀tì náà níwájú àti lẹ́yìn, nítorí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ni ẹ lè fi gba ara yín sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá dé. Bí ẹni tí ó ń tà á bá ní òun kò ní dátà, ẹ tan ti fóònù yín fún un. Bí ó bá ní ẹ kò gbọdọ̀ so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì rárá, ẹ dá a padà fún un, kí ẹ sì fi owó yín sápò.