Ṣé asà náà ni wọ́n ń fòfin dè?

Jórinjórin Tákíé
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Géètì kan ni mò ń jó lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ lánàá, ni NEPA bá mú iná lọ. A jókòó ti rédíò. Wọ́n ní Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ayé Soviet tọwọ́ bọ̀wé ní 1972 pé àwọn ò ní ṣe ohun tó ń já mísáìlì bọ́ lójú ọ̀run kọjá iye kan. Kò yé mi. Bọ́gílárì ni mò ń ṣe jẹun, n ò tíì rí onílé tí àdúgbò ní kó má ṣe ìlẹ̀kùn irin. Kí ló dé tí wọ́n fi idà sílẹ̀, tí wọ́n ń de asà?

Ọmọ Ọdẹ
Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà ayẹta lọ. Ìbọn wà lọ́wọ́ èmi àti ẹ̀yin. Kò sẹ́ni tó máa yìn ín, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ yìn ín máa gba tiẹ̀ náà. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ pé ẹ ti lọ ṣe ayẹta, mi ò ní lè sùn mọ́. Bí n ò bá yìnbọn kí ayẹta yín tó jinná, màá lọ ra ìbọn mẹ́wàá sí i. Ohun tó gbé Nixon, ààrẹ Amẹ́ríkà, àti Brezhnev, olórí Soviet, pàdé ní Moscow nìyẹn. Ojúkò méjì ni wọ́n fàyè gba ẹnì kọ̀ọ̀kan, 100 mísáìlì agbèjà ní ojúkò kan. Ní 1974, wọ́n dín in kù sí ẹyọ kan. Rọ́ṣíà fi tiẹ̀ ṣọ́ Moscow. Amẹ́ríkà gbé tiẹ̀ sí North Dakota, oṣù mélòó kan péré ni wọ́n lò ó kí wọ́n tó tì í ní 1976.

Jórinjórin Tákíé
Ayẹta yé mi! Bàbá bàbá mi ní ọ̀kan. Ọrùn ewúrẹ́ ni wọ́n so ó mọ́ láti dán an wò. Ẹran ewúrẹ́ la jẹ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n báwo ni Amẹ́ríkà ṣe wá ní in báyìí?

Ìyá Tíṣà, Ọ̀yọ́
Inú ìwé àdéhùn náà gan-an ni wọ́n ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, ọmọ mi. Abala 15 ní ẹni tó bá rí i pé ọ̀ràn ti kan ẹ̀mí ìlú òun lè jáde, kó sáà ti kìlọ̀ fún ẹnì kejì ní oṣù mẹ́fà ṣáájú. Bush, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, kìlọ̀ ní December 2001. Nígbà tó di June 2002, àdéhùn ọgbọ̀n ọdún ti di ìtàn. Amẹ́ríkà wá ri 40 mísáìlì agbèjà mọ́lẹ̀ ní Fort Greely ní Alaska, wọ́n fi 4 sí California. Bíi ewúrẹ́ bàbá bàbá rẹ ló ń rí nígbà míì tí wọ́n bá dán an wò: iye tó tàsé súnmọ́ ìdajì. Rọ́ṣíà ò dúró wò ó bóyá yóò jẹ́. Ní March 2018, Putin kó àwọn ohun ìjà tuntun tí wọ́n ń pè ní Sarmat àti Avangard síta, ó ní torí pé Amẹ́ríkà jáde ni. Ayẹta tí kò dájú ló bí ìbọn tó dájú, ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn.

Jórinjórin Tákíé
Ẹ ṣé, mà. Onígéètì àná ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí ni. Ó ní ti aládùúgbò òun ga ju tòun lọ, kí n fi ẹsẹ̀ bàtà méjì kún un. Iná sì ti dé.